Ìbéèrè tí wọ́n ti dáhùn ní Modákẹ́kẹ́

1/
Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ká máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Gbogbo wa la pariwo níbí lọ́sẹ̀ náà. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ, àwọn kan ní wọ́n fẹ́ pa Yorùbá. Tísà ni mí. Àríyànjiyàn yìí ti lé ní 140 ọdún, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀.

2/
Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́, ní ilé-ìwé ìjọba. Ọmọ 58 ló wà níwájú mi, bẹ́ǹṣì ò sì tó wọn jókòó. Ẹ ti gbọ́ irú ìyẹn rí: owó oṣù tó ń pẹ́, òrùlé tó ń jò, ìwé kan tí ọmọ mẹ́rin ń dorí kọ. Mi ò ní sọ ìyẹn lónìí. Ìṣòro kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í yà ní fọ́tò, torí kò ṣeé yà. Òun ni ti ọmọ tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń wo ẹnu tísà, tí kò sì gbọ́ ohun tí tísà ń wí.

3/
Àpẹẹrẹ kan. Mo kọ ìṣirò kan sí pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì: obìnrin kan ra ọsàn dọ́sìnnì mẹ́ta, mẹ́rin bàjẹ́ níbẹ̀, ó ta ìyókù ní ₦100 ọ̀kọ̀ọ̀kan, èló ni gbogbo owó tó wọlé fún un? Kíláàsì pa lọ́lọ́. Mo tún un sọ ní Yorùbá. Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí ọmọbìnrin kan tó máa ń bá ìyá rẹ̀ ta ata lọ́jà fi dáhùn pé ₦3,200. Kò lo bébà, kò ka ìka. Ọmọ yìí kan náà ló gba 4 nínú 20 nínú ìdánwò ìṣirò tó ṣáájú. Kí wá ni ìdánwò yẹn dán wò? Ìṣirò ni àbí Gẹ̀ẹ́sì?

4/
Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé Badagry àti Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ọdún 1840 sí 1850, wọ́n kọ́ ènìyàn ní Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀pọ̀ fi mọ̀wé kà. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn èdè wa jù. Wọ́n fẹ́ kí ènìyàn lè ka Bíbélì fúnra rẹ̀ ni. Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, Yorùbá ló sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Àwọn baba ńlá wa ti ń ka ìwé ìròyìn ní èdè wọn kí ìjọba òyìnbó tó gbé òfin ẹ̀kọ́ kankan jáde fún wọn.

5/
Ọdún 1882 ni nǹkan yí. Ìjọba amúnisìn gbé òfin ètò ẹ̀kọ́ jáde tó kan Èkó. Ilé-ìwé yóò máa gba owó ìrànwọ́, ṣùgbọ́n kíka àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì ni òfin náà kà sí. Yorùbá ò sí nínú ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Inú bí àwọn kan nínú ìwé ìròyìn Èkó nígbà náà, wọ́n kọ̀wé tako òfin yìí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí owó ṣe ń ṣe. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ kí ìjọba ràn án lọ́wọ́, kó lọ tẹra mọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

6/
Ẹ má bú àwọn òbí ìgbà náà. Akọ̀wé ni ìjọba ń wá, akọ̀wé ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń wá, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń sọ ènìyàn di akọ̀wé. Òbí tó ní kí wọ́n kọ́ ọmọ òun ní Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ ló ń wá fún ọmọ náà. Ibi tó ti burú ni pé ó kọjá kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó di fífi ìyà jẹ ọmọ nítorí Yorùbá. Ẹ bi àwọn òbí yín. Ẹni tó bá sọ "vernacular" nínú ọgbà ilé-ìwé, ó lè san owó ìtanràn, ó lè jẹgba, wọ́n sì lè fi pátákó kọ́ ọ lọ́rùn. Ó ń ṣẹlẹ̀ títí di òní. Ọmọ ń tọrọ àforíjì nítorí èdè ìyá rẹ̀.

7/
Ẹ̀yin ẹ wo nǹkan ìyanu yìí: òyìnbó fúnra wọn padà wá sọ pé ọ̀nà yẹn ò dáa. Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà wá wo ilé-ìwé káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n tẹ àbọ̀ wọn jáde ní 1922, wọ́n ní kí a máa fi èdè àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn. Ní 1925, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gbé ìwé ìlànà jáde tó lọ sọ́nà kan náà. Láti ìgbà yẹn ló ti wá di àṣà pé Yorùbá ni ní àwọn kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí a bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ìwé bíi Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ti rí ààyè wọlé.

8/
Nísinsìnyí ẹ wá sí ọdún tí gbogbo wa mọ̀: 1955. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Láti 1952 ni S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé àbá náà síwájú ilé ìgbìmọ̀. Ní 1954, ọmọ 456,600 ló wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di 1955, wọ́n ti di 811,432. Láàárín ọdún kan péré! Ẹ má sì rò pé gbogbo ayé ló pàtẹ́wọ́ o. Owó orí lọ sókè, inú bí àwọn ará ìlú, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ sì fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò àpapọ̀ ti 1954. Wọn ò torí ẹ̀ dáwọ́ dúró.

9/
Ṣùgbọ́n ọmọ pọ̀ ju tísà lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò tíì kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ tísà ni wọ́n kó wọ kíláàsì, torí kò sí ẹlòmíì. Ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ ọdún mẹ́jọ tẹ́lẹ̀ sì wá di ọdún mẹ́fà. Kò pẹ́ tí ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀: "Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ò mọ̀wé." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí àwọn ọmọ mi lónìí gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá gbọ́ kí àgbàlagbà kan sọ pé ìgbà tiwọn dáa, ẹ rọra bi í bóyá ìgbà tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ń bú nígbà yẹn.

10/
Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá wo ọ̀rọ̀ yìí láti Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì rí nǹkan kan. Ọmọ ń lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Bó ṣe ń mọ̀wé kà bọ̀, a gba Yorùbá lọ́wọ́ rẹ̀, a gbé Gẹ̀ẹ́sì lé e lọ́wọ́. Ó ku ọdún mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ kì í sì lọ sí girama. Nítorí náà ọmọ jáde kíláàsì kẹfà, Yorùbá rẹ̀ ò délé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò dóko. Fáfúnwá bi ara rẹ̀ pé: bí a bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ńkọ́?

11/
Kò jókòó sí ọ́fíìsì máa jiyàn. Ní 1970, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ilé-ìwé lásán ni, ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣòwò ló wà níbẹ̀. Wọ́n pín àwọn ọmọ sọ́nà méjì. Àwọn kan ń bá ètò àtijọ́ lọ: ọdún mẹ́ta Yorùbá, ọdún mẹ́ta Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn yòókù ń fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà.

12/
Ibi tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé rèé, torí náà ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ náà ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró, láti ọwọ́ tísà tó mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní èdè tí kì í ṣe ti ilé rẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Afọláyan wà nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n jókòó kọ ìwé tuntun fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun inú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Wọ́n kọ́ àwọn tísà bí wọn yóò ṣe lò ó. Owó, ìwé, tísà. Nǹkan mẹ́ta yẹn, ẹ fi wọ́n sọ́kàn, màá padà sórí wọn.

13/
Nígbà tí ó yá, wọ́n mú ètò náà lọ sí àwọn ilé-ìwé mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìkẹ́ pàtàkì ni wọ́n fi ń gbé àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́. Títí di 1978 ni wọ́n fi tẹ̀ lé wọn. Èsì wo ló jáde? Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́fà ta àwọn yòókù yọ nínú ìṣirò, nínú sáyẹ́ǹsì, nínú Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo òbí ń bẹ̀rù rẹ̀ ńkọ́? Wọn ò gbẹ́yìn rárá. Àwọn tí kò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìṣirò ò fi ìdí ẹ̀ rẹlẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì.

14/
Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ kékeré rí kò ní yà á lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn ń mọ̀wé kà láyé. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé àmì yìí dúró fún ìró yìí, pé gbólóhùn yìí ń sọ ohun tí òun lè rí lójú inú, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Á gbé e lọ sí èdè èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé èdè tí kò gbọ́ la fi ń kọ́ ọ láti kàwé, iṣẹ́ méjì la gbé rù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Á há a sórí bí ẹyẹ ayékòótọ́, á máa kà á sókè, kò sì ní mọ ohun tó ń kà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

15/
Kí ni ìjọba wá fi èsì yẹn ṣe? Ní 1977, Ìlànà Orílẹ̀-èdè lórí Ètò Ẹ̀kọ́ jáde. Ó ní kí a máa lo èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí a bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ò rí i? Ètò tí Modákẹ́kẹ́ fi hàn pé kò dáa tó ni wọ́n tún kọ sílẹ̀. Ọdún kan ṣáájú, ní oṣù kẹsàn-án 1976, Ọbásanjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ káàkiri Nàìjíríà. Ọmọ tún ya wọlé bí omi, tísà tún dín. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992. Ó kúrò níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lórí àga.

16/
Ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni ò gbìyànjú. Lateef Jákàńdè kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ ní Èkó láàárín 1979 sí 1983, ó sì fòpin sí kí àwọn ọmọ kan máa wá láàárọ̀, kí àwọn kan máa wá lọ́sàn-án. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ ìperí Yorùbá jọ sínú ìwé tó jáde ní 1984. Ní 2018, Èkó ṣe òfin tó sọ Yorùbá di dandan ní ilé-ìwé. Àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ yàrá ò kọ́ tísà, ẹni tó wá ọ̀rọ̀ ò ní owó láti tẹ ìwé, ẹni tó ṣe òfin ò ra nǹkan kan fún kíláàsì mi. Nǹkan mẹ́ta tí Modákẹ́kẹ́ kó pọ̀ sójú kan, a tú u ká sọ́nà mẹ́ta.

17/
Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé 2022. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Adamu Adamu tó jẹ́ mínísítà kéde pé èdè abínibí ni a ó máa fi kọ́ ọmọ fún gbogbo ọdún mẹ́fà. Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín! Mo yọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé yóò gba àkókò láti ṣètò ìwé àti tísà. Mo dúró de ìwé. Mo dúró de ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ní ilé-ìwé tí mo wà, ìwé kan ò dé, ẹnikẹ́ni ò pè wá sí ìpàdé kankan lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n ní ó ti kùnà, wọ́n fagi lé e.

18/
Ìdí tí mínísítà sọ ni pé àwọn agbègbè tó ń lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025, ó ti wọ kíláàsì kìíní ní nǹkan bí 2013 tàbí 2014. Nígbà tí ìlànà 2022 jáde, ó ti wà ní girama. Kò jẹ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì sọ pé àwọn kan ti ń lo èdè abínibí tipẹ́tipẹ́, ó dáa, ìbéèrè mi ni pé: ta ló tẹ ìwé fún wọn? Ta ló kọ́ tísà wọn? Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀? Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ tí kò roko, kó má sọ pé ilẹ̀ ni kò dáa.

19/
Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ nísàlẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣáájú yín. "Nàìjíríà ní èdè tó lé ní 500." Òótọ́ ni. "Modákẹ́kẹ́ kì í ṣe Ajégúnlẹ̀." Òótọ́ ni. Nínú àwọn ọmọ mi, mẹ́rin wà tí wọn kì í sọ Yorùbá nílé. Àwọn mìíràn sì wà tí àwọn òbí wọn, Yorùbá pọ́ńbélé, ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò jinná bá wọn sọ̀rọ̀ láti kékeré. Èdè kan kò lè bá gbogbo kíláàsì mu. Fún irú àwọn ọmọ yẹn, ó yẹ kí a wá ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí bàtà rẹ̀ kan há, ṣé gbogbo ìlú ni yóò ní kí wọ́n máa rìn láìwọ bàtà?

20/
Nígbà tí mo ń ka ìtàn yìí ni mo rí i pé ìjà Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí à ń jà kọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ẹnìkan jókòó kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwa ńkọ́? A ò kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. À ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ tóbi ju bí ilẹ̀ ṣe jìn sí ọ̀run lọ. Èmi fúnra mi, ilé-ìwé tísà tí mo lọ, ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń fi èdè tí ọmọ kò gbọ́ kọ́ ọ kò jẹ yọ níbẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́ta. Ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀kì, ẹ ní kí n máa lọ.

21/
Kí ni à ń ṣe nínú kíláàsì, nígbà náà? Ohun tí gbogbo tísà ilé-ìwé ìjọba mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sínú ìwé. A kọ Gẹ̀ẹ́sì sí pátákó, a fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀. Bí àwọn alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì bá dé, gbogbo wa, tísà àti ọmọ, á bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì: "Good morning, sir." Bí wọ́n bá ti jáde, ẹ̀kọ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Ìlànà 1977, ti 2022, ti 2025, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn lábẹ́ gbogbo wọn. Ohun tó yí padà ní 2025 ni pé bí ọ̀gá kan bá fẹ́ mú mi báyìí, ìwé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá sì dẹ́kun, mo mọ iye ọmọ tí kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráídé.

22/
Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́: bí ẹ bá ní àbúrò tí wọ́n ní olódo ni nínú ìṣirò, tí Yorùbá sì jẹ́ èdè ilé rẹ̀, ẹ bi í ní ìṣirò kan náà ní Yorùbá kí ẹ tó gbà pé olódo ni. Ìkejì: bí ìjọba bá tún gbé ìlànà tuntun dé, tó fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí tó fẹ́ Yorùbá, ẹ má kọ́kọ́ bi wọ́n pé èdè wo ni. Ẹ bi wọ́n pé ìwé dà? Tísà dà? Owó dà?

23/
Àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní St. Stephen's ní 1970, wọ́n ti lé ní ẹni 60 ọdún báyìí. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá àgbà ẹnìkan tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá mọ̀ wọ́n, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ bi wọ́n ní sáyẹ́ǹsì tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì karùn-ún, kí ẹ wò ó bóyá wọn ò ní ṣàlàyé rẹ̀ yanjú. Ẹ wá sọ ohun tí wọ́n bá wí fún mi nísàlẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ tọkàntọkàn.